Magdalena Forsberg: Obìnrin Tó Gba Ife Àgbáyé Biathlon Lẹ́ẹ̀mẹ́fà Léraléra

Magdalena Forsberg ni obìnrin tó tíì borí jù lọ nínú ìdíje Ife Àgbáyé ti biathlon, eré ìje orí yìnyín tí wọ́n ti ń sá síkì tí wọ́n sì ń yìnbọn. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1967 ní Ullånger, ìlú kékeré kan ní àríwá Swídìn. Ìgbà 42 ló gba ipò kìíní nínú ìje tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá sá. Láti sáà 1996–97 títí dé 2001–02, òun nìkan ló ń gba ife ńlá tí wọ́n ń fún obìnrin tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ jálẹ̀ sáà. Ó gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò sì já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Síbẹ̀, kò gba góòlù Òlíḿpíìkì rí. Idẹ méjì ló gbé wálé láti Salt Lake City ní 2002, ọdún tó kẹ́yìn eré rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi Òlíḿpíìkì nìkan wọn eléré ìdárayá lè sọ pé àyà rẹ̀ ń já lọ́jọ́ ńlá. Àmọ́ ẹni tó bá wo irú ìje tí wọ́n gbé sí Òlíḿpíìkì nígbà ayé rẹ̀, tó sì wo èyí tí wọn kò gbé síbẹ̀, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí eré náà ṣe rí

Síkì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń dè mọ́ bàtà láti fi rìn lórí yìnyín. Nínú biathlon, eléré á máa fi wọ́n gun òkè, á máa fi wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá méjì lọ́wọ́, ìbọn lẹ́yìn. Ìbọn náà kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 3.5 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ní awò tó ń sún ohun mọ́ni lórí. Bí ìje bá ṣe gùn tó ni yóò sọ bóyá ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni eléré máa yà sí pápá ìyìnbọn, ọta márùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú àmì márùn-ún wà níwájú rẹ̀ ní mítà 50. Bó bá dakùn délẹ̀ yìnbọn, ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà kò fẹ̀ ju mìlímítà 45 lọ. Bó bá wà lórí ìdúró, ó fẹ̀ tó mìlímítà 115.

Ibi tí eré ti le ni pé ìṣe méjèèjì lòdì síra wọn. Eléré tó ń bọ̀ láti orí òkè ti ń mí hẹlẹ, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Bó ṣe ń súnmọ́ pápá, á ti máa fi ojú wá àsíá kékeré tó ń fi hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Á ju ọ̀pá sílẹ̀, á bọ́ ìbọn lẹ́yìn, á ṣí ìdérí tí kì í jẹ́ kí yìnyín dí ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán, á ti ilé ọta bọ inú ìbọn, á wá na ara sílẹ̀ lórí ẹní. Á mí sínú, á mí díẹ̀ sóde, á dá èémí dúró, á fi ìka fà á. Bí ọta bá bá ojú àmì, awo funfun á bo dúdú náà lójú ẹsẹ̀. Bó bá tàsé, dúdú á dúró síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú lórí ọta márààrún. Kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó yíjú, ó ti gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, ó ti lọ. Ìgbà tí wọ́n bá wà lórí ìdúró ni ìṣòro ń pọ̀ sí i, nítorí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ á máa gbọ̀n, afẹ́fẹ́ á sì máa ti ẹnu ìbọn síbí sọ́hùn-ún.

Oríṣi ìje mẹ́rin pàtàkì ni ẹnì kan lè dá sá. Èyí tó pẹ́ jù ni ìje gígùn, kílómítà 15 fún àwọn obìnrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń yìnbọn, ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n sì ń fi kún àkókò eléré fún ọta kọ̀ọ̀kan tó bá tàsé. Ìje kúkurú jẹ́ kílómítà 7.5, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yìnbọn níbẹ̀, ẹni tó bá tàsé á sì sá yípo mítà 150 fún ọta kọ̀ọ̀kan kó tó padà sójú ọ̀nà. Nínú ìje ìlépa, ẹni tó borí nínú ìje kúkurú ló máa kọ́kọ́ jáde. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n àkókò tó fi ṣáájú wọn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ìlà ìparí ló ni ín. Nínú ìje àjùmọ̀bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ìje àgbàsá wà fún orílẹ̀-èdè, níbi tí ẹni mẹ́rin ti ń gbà á sá lẹ́yìn ara wọn.

Aago ni wọ́n ń bá díje nínú ìje gígùn àti ìje kúkurú. Nínú ìlépa àti àjùmọ̀bẹ̀rẹ̀, ojú ni wọ́n ń kò: ẹni tó wà níwájú rẹ ni o fẹ́ lé bá, ẹni tó wà lẹ́yìn ń mí sí ọ lọ́rùn, ẹ sì lè dúró yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Ọ̀tọ̀ ni ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan irú ìje yìí wọ Òlíḿpíìkì, ọ̀rọ̀ Forsberg sì rọ̀ mọ́ ọn.

Swídìn àti biathlon ṣáájú rẹ̀

Àwọn ọdẹ àti ọmọ ogun ilẹ̀ òtútù ló bẹ̀rẹ̀ sí í da síkì pọ̀ mọ́ ìbọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ìdíje Àgbáyé biathlon ní Saalfelden ní Ọ́stríà ní 1958, ará Swídìn kan, Adolf Wiklund, ló borí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, eré náà wọ Òlíḿpíìkì ní Squaw Valley ní Kalifọ́níà, ará Swídìn mìíràn, Klas Lestander, ló sì gba góòlù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló gbà á là, nítorí àwọn mélòó kan sá síkì jù ú lọ lọ́jọ́ náà. Ogún ọta ló yìn, ogún ló bá àmì, kò sì sí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Lestander, Swídìn kò rí góòlù Òlíḿpíìkì gbà mọ́ nínú biathlon fún ọdún 46.

Ní ti àwọn obìnrin, ọ̀nà pẹ́ kó tó ṣí. Sáà 1982–83 ni wọ́n dá Ife Àgbáyé tiwọn sílẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ìdíje Àgbáyé fún wọn ní Chamonix ní Faransé, ọdún 1992 ní Albertville ni wọ́n sì tó gbà wọ́n sí Òlíḿpíìkì. Eva Korpela ti gba ife sáà fún Swídìn láàárín àwọn ọdún 1980, àmọ́ nígbà yẹn eré àwọn obìnrin kò tíì gbajúmọ̀. Nígbà tí Forsberg dé, ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni.

Síkì ló fi bẹ̀rẹ̀

Wallin ni orúkọ ìdílé tó ń jẹ́ nígbà èwe, síkì lásán ló sì fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ìbọn níbẹ̀. Ní 1987, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tó sá ìje àgbàsá fún Swídìn níbi Ìdíje Àgbáyé ní Oberstdorf ní Jámánì. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe, lẹ́yìn Sófíẹ̀tì àti Nọ́ọ́wè, ó sì gba idẹ. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, síkì yìí ló ń bá yí. Henrik Forsberg tó wá fẹ́, òun náà jẹ́ eléré síkì, orúkọ rẹ̀ sì ni ayé wá fi mọ obìnrin náà.

Ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó mú ìbọn. Lójú ẹni tí kò mọ eré náà, ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró eléré síkì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ọdún méjì. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kó o jọ. Ìbọn yíyìn ni wọ́n lè kọ́ lágbà, bí ẹni náà bá ní sùúrù àti ìfarabalẹ̀. Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà yìí lẹ́yìn rẹ̀. Kati Wilhelm ará Jámánì sá síkì lásán ní Nagano ní 1998, ó sì gba góòlù biathlon ní Salt Lake City ní 2002. Denise Herrmann, ará Jámánì bákan náà, gba idẹ síkì ní Sochi ní 2014, ó sì gba góòlù biathlon ní Beijing ní 2022.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò mú ariwo wá. Ó ṣojú Swídìn nínú biathlon ní Òlíḿpíìkì Lillehammer ní 1994, kò sì gba ohun kan bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá tó láti bá ẹnikẹ́ni díje, àmọ́ ìbọn ṣì ń gba ohun tí ẹsẹ̀ kó jọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pichler dé

Ní 1995, Swídìn gba Wolfgang Pichler ṣe kóòṣì. Ará Ruhpolding ni, ìlú orí òkè kan ní gúúsù Jámánì níbi tí biathlon ti jẹ́ eré gbogbo ilé. Kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́; ó máa ń pariwo létí ọ̀nà, iṣẹ́ àṣekára ló sì gbà gbọ́. Ohun tó bá nílẹ̀ ni obìnrin kan tó mọ síkì sá ju púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá díje lọ, tó sì ṣe tán láti kọ́ ìyókù.

Àjọṣe yẹn so èso kíákíá. Emmanuelle Claret ará Faransé ló gba ife sáà 1995–96. Nígbà tí sáà tó tẹ̀ lé e fi máa parí, ọwọ́ Forsberg ni ife náà wà, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Sáà mẹ́fà

Ife Àgbáyé kì í ṣe ìdíje ọjọ́ kan. Láti ìgbà tí òtútù bá wọlé ní ìparí ọdún títí di oṣù Kẹta, àwọn eléré á máa kó ẹrù láti ìlú dé ìlú: Östersund ní Swídìn, Hochfilzen ní Ọ́stríà, Oberhof àti Ruhpolding ní Jámánì, Antholz ní Ítálì, Holmenkollen lókè Oslo. Ipò tí eléré bá gbà nínú ìje kọ̀ọ̀kan ló máa sọ iye máàkì rẹ̀, wọn á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní òpin sáà. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀kan, tó wá ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí síkì rẹ̀ kò yọ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ kẹta, tí afẹ́fẹ́ sì gbá ọta rẹ̀ dànù lọ́sẹ̀ kẹrin, kò lè gbà á. Ó fẹ́ ẹni tí ọjọ́ burúkú rẹ̀ pàápàá kì í burú jù.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Forsberg. Ní oṣù Kejì 1997, ní Osrblie ní Sìlòfákíà, ó gba góòlù Ìdíje Àgbáyé nínú ìje gígùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìje ìlépa kún Ìdíje Àgbáyé lọ́dún yẹn ni, òun náà ló sì gba ti àwọn obìnrin. Báyìí ni orúkọ rẹ̀ ṣe wà lókè pátápátá nínú ìwé àwọn tó ti borí nínú irú ìje náà.

Ìlépa bá a lára mu, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tó tàsé ọta kan nínú ìje kúkurú, kò tíì pàdánù; ọjọ́ kejì ló máa lé àwọn tó ṣáájú bá. Bó ṣe ń sún mọ́ wọn ni ọwọ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ìbọn. Forsberg tún gba góòlù ìlépa ní Pokljuka ní Sìlòfẹ́níà ní 1998, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀kẹta ní Holmenkollen ní 2000. Nígbà tí Ìdíje Àgbáyé padà sí Pokljuka ní 2001, ó gba góòlù méjì, ọ̀kan nínú ìje gígùn, ọ̀kan nínú ìje àjùmọ̀bẹ̀rẹ̀. Góòlù Ìdíje Àgbáyé mẹ́fà nìyẹn, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ti irú ìje tí wọ́n ti ń kojú ara wọn.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó lè bá a díje. Uschi Disl ará Jámánì wà níbẹ̀, Galina Kukleva ará Rọ́ṣíà wà níbẹ̀, Liv Grete Skjelbreid ará Nọ́ọ́wè náà wà níbẹ̀. Ọdún 1999 ló fi ìyàtọ̀ hàn jù. Olena Zubrilova ará Ukraine gba góòlù mẹ́ta níbi Ìdíje Àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Kontiolahti ní Fínlándì àti ní Oslo, kò sì sí góòlù kan fún Forsberg. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ro máàkì gbogbo sáà pọ̀, Forsberg ló tún gba ife. Zubrilova ló ni ọ̀sẹ̀ náà. Forsberg ló ni ìyókù.

Nílé, àwọn ará Swídìn tí kò ka biathlon sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án ìparí ọ̀sẹ̀. Àwọn olùgbọ́ rédíò ló máa ń dìbò yan ẹni tó ń gba Jerringpriset, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún eléré ìdárayá tó wú gbogbo ìlú lórí jù lọ lọ́dún, orúkọ Forsberg sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn.

Nagano

Nígbà tí Òlíḿpíìkì 1998 ń bọ̀ ní Jàpáánù, òun lẹni tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ife sáà tó kọjá wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń lọ lọ́wọ́ sì ń bọ̀ wá bá a. Nozawa Onsen, abúlé orí òkè tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀, ni wọ́n ti ṣe biathlon.

Ìje mẹ́ta péré ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn obìnrin: ìje gígùn, ìje kúkurú àti ìje àgbàsá. Kò sí ìlépa. Kò sí àjùmọ̀bẹ̀rẹ̀. Ekaterina Dafovska ló borí nínú ìje gígùn, góòlù kìíní tí Bùlgáríà máa gbà nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù nìyẹn. Nínú ìje kúkurú, Kukleva fi ìdá 7 nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan péré fàgbà han Disl. Forsberg kò sí lórí pèpéle nínú èyíkéyìí. Nínú ìje àgbàsá, ẹnì kan kò lè gbé ẹni mẹ́ta sẹ́yìn, Swídìn kò sì ní ẹlòmíràn tó tó o nígbà náà.

Nítorí pé ìlépa kò sí ní Nagano, àjọ tó ń darí biathlon ṣètò Ìdíje Àgbáyé lọ́tọ̀ fún un lọ́dún kan náà ní Pokljuka. Forsberg ló gbà á. Góòlù yẹn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń há sórí. Bó bá jẹ́ pé Nagano ni wọ́n ti sá irú ìje náà, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ nípa rẹ̀ lónìí.

Idẹ méjì ní Soldier Hollow

Ọdún mẹ́rin kọjá, ife mẹ́rin sì kún ti àkọ́kọ́. Nígbà tó dé Soldier Hollow, pápá biathlon Òlíḿpíìkì Salt Lake City, ọmọ ọdún 34 ni, ìgbà kẹta rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì gẹ́gẹ́ bí eléré biathlon sì nìyẹn. Ibẹ̀ ga ju mítà 1,600 lọ sókè òkun, afẹ́fẹ́ sì fẹ́lẹ́. Èémí tó ń sá lọ ní Ruhpolding kì í tètè padà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 2002, wọ́n sá ìje gígùn. Andrea Henkel ará Jámánì gba góòlù, Liv Grete Poirée (Skjelbreid àná, tó ti fẹ́ Raphaël Poirée ará Faransé) gba fàdákà, Forsberg gba idẹ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, nínú ìje kúkurú, Kati Wilhelm àti Uschi Disl gba ipò kìíní àti ìkejì fún Jámánì, Forsberg tún gba idẹ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nagano, àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìlépa ló kù, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún Òlíḿpíìkì lọ́dún náà. Ipò kẹta ló ti máa jáde, níwọ̀n ìgbà tó ti gba ipò kẹta nínú ìje kúkurú, irú ìje yìí sì ni èyí tó ti gba góòlù àgbáyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ ọjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Olga Pyleva ará Rọ́ṣíà ló gba góòlù, Wilhelm gba fàdákà, Irina Nikulchina ará Bùlgáríà sì gba idẹ. Ìje àjùmọ̀bẹ̀rẹ̀, tó gba góòlù rẹ̀ ní Pokljuka lọ́dún tó ṣáájú, kò tíì sí ní Òlíḿpíìkì. Ọdún mẹ́rin sí i ni wọ́n máa tó gbé e wọlé, ní Turin ní 2006.

Ó padà sẹ́nu Ife Àgbáyé, ó gba èyí tó ṣe ìkẹfà, ó sì gbé ìbọn kọ́ ní òpin sáà náà. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí pápá. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Swídìn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tó ti ń ṣàlàyé biathlon fún wọn.

Àwọn tó gba ọ̀nà tó là

Anna Carin Olofsson náà jẹ́ eléré síkì lásán kó tó bọ́ sí biathlon, ọwọ́ Pichler ló sì bọ́ sí. Ní Turin ní 2006, ó gba fàdákà nínú ìje kúkurú, ó sì gba góòlù nínú ìje àjùmọ̀bẹ̀rẹ̀, irú ìje tí Forsberg kò rí sá ní Òlíḿpíìkì. Òun ló fòpin sí ọdún 46 tí Swídìn ti ń retí láti ìgbà Lestander. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ní Vancouver, Björn Ferry gba góòlù ìlépa láàárín àwọn ọkùnrin.

Ìran tó tẹ̀ lé wọn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hanna Öberg, tí wọ́n bí ní 1995, kò tíì gun pèpéle Ife Àgbáyé rí nígbà tó lọ sí Pyeongchang ní 2018. Ọta 20 ló yìn nínú ìje gígùn, kò tàsé ẹyọ kan, ó sì gba góòlù. Pichler, tó ti lọ kọ́ àwọn obìnrin Rọ́ṣíà tó sì ti padà wá, ló ń darí Swídìn lọ́dún náà. Ní Beijing ní 2022, Hanna àti àbúrò rẹ̀ Elvira, pẹ̀lú Linn Persson àti Mona Brorsson, gba góòlù ìje àgbàsá. Èyí ni Forsberg kò ní: ẹni mẹ́ta mìíràn tó lè fi ìje lé lọ́wọ́ láìmikàn.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn

Nígbà tí Forsberg fẹ̀yìn tì ní 2002, kò sí ẹlòmíràn, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, tó ti gba ife sáà biathlon lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ole Einar Bjørndalen ará Nọ́ọ́wè wá gba mẹ́fà láàárín àwọn ọkùnrin, àmọ́ tirẹ̀ kò tẹ̀ léra. Martin Fourcade ará Faransé ló kọjá rẹ̀, pẹ̀lú méje léraléra láti sáà 2011–12 títí dé 2017–18.

Láàárín àwọn obìnrin, Magdalena Neuner ará Jámánì ló sún mọ́ iye ìje tó borí jù lọ. Ìgbà 34 ló borí kó tó fi eré sílẹ̀ ní 2012, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 25. Neuner ní góòlù Òlíḿpíìkì méjì láti Vancouver, ọ̀kan nínú ìlépa, ọ̀kan nínú àjùmọ̀bẹ̀rẹ̀. Ife sáà mẹ́ta ló sì gbà. Ẹni tó bá gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ rántí pé irú ìje méjèèjì tí Neuner ti gba góòlù yìí, Forsberg ti jẹ ọ̀gá nínú wọn ṣáájú kí Òlíḿpíìkì tó gbà wọ́n tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ife sáà lẹ́yìn rẹ̀ ló fi hàn jù bí ó ṣe ṣòro tó láti dì í mú. Martina Glagow gbà á ní 2003, Liv Grete Poirée ní 2004, Sandrine Bailly ní 2005, Kati Wilhelm ní 2006, Andrea Henkel ní 2007, Neuner ní 2008. Láàárín ogún sáà tó tẹ̀ lé ìfẹ̀yìntì Forsberg, Dorothea Wierer ará Ítálì nìkan ni obìnrin tó gbà á léraléra, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni, ní 2019 àti 2020. Ẹni keje tó gbà á lẹ́yìn Forsberg, ní sáà 2008–09, ni Helena Jonsson. Ará Swídìn ni, Pichler kan náà sì ni kóòṣì rẹ̀.